Mo Pa Orúkọ Ọ̀rẹ́ Mi Rẹ́ Lára Ẹsẹ̀ Àparò

Mi ò ní kí ẹ ṣàánú mi. Olè ni mí. Mo jalè lójú ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn kan ń bú mi nítorí ohun tí mo ṣe, wọn ò jẹ̀bi. Àwọn mìíràn ń bú mi nítorí ohun tí mi ò ní kábàámọ̀ rẹ̀ títí wọ́n á fi gbé mi sin. Mi ò fẹ́ kí ẹ po méjèèjì pọ̀.

Mùílì Àríyọ̀ ni orúkọ mi. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, aṣọ òkè ni mò ń hun láti kékeré, mo sì ti di ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Oníbàárà kan láti Ṣakí ló fà á. Ó kọ àwọ̀ òwú tó fẹ́ sínú pépà, ó nà án sí mi, mo gbà á, mo tẹjú mọ́ ọn, mo ń mi orí bí ẹni tó gbọ́.

"Bàbá," ó ní, "ẹ dorí pépà yẹn kodò."

Gbogbo ìsọ̀ tí a ti ń hunṣọ bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo ra ìwé a-b-d àwọn ọmọdé. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo ń mú lẹ́tà inú ìwé náà wé ti ara páálí òwú, ti ara ọkọ̀, ti ara àpò sìmẹ́ńtì, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo dorí pépà kodò. Ọláoyè ni, ọ̀rẹ́ mi. Ogójì ọdún ni òfì ìhunṣọ tiẹ̀ àti tèmi fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọláoyè ló dá ọnà kan tí à ń pè ní Ẹsẹ̀ Àparò. Ó ń lọ sóko lójú ọ̀nà Ìwéré-Ilé nígbà ọyẹ́, ló bá rí ipasẹ̀ àparò nínú eruku. Ìka mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ mẹ́fà hàn dáadáa, ṣùgbọ́n èkeje bọ́ sórí òkúta pẹlẹbẹ, ìka kan nínú rẹ̀ kò hàn. Nígbà tó délé, ó hun ún sára aṣọ bó ṣe rí i gẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́fà pé, èkeje fi ìka kan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń hun ún títí tó fi kú.

Mo máa ń bá a jà lórí ìka yẹn.

"Ọláoyè, oníbàárà á ní o gbàgbé ni."

"Kó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo tọ ipa ẹyẹ náà, òun kọ́."

Ní ìsọ̀ wa, ẹni tó bá dá ọnà ló ni ín. Ọmọ rẹ̀ ló máa kọ́. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ hun ún láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọláoyè bí, Gbémisọ́lá. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá rẹ̀ bínú kúrò nílé, ó gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì. Wọn ò padà wá.

Nígbà tí àìsàn gbé Ọláoyè ṣánlẹ̀, ó ní kí n gbé òwú wá síbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ́ mi ní Ẹsẹ̀ Àparò, ó ń ka òwú, mò ń hun ún.

"Mùílì, mi ò ní ilé, mi ò ní oko. Ọnà yìí nìkan ni mo ní tí mo lè fi sílẹ̀ fún Gbémisọ́lá. Bó bá dé, kọ́ ọ. Sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ló dá a."

"Mo gbọ́."

"Má sọ pé o gbọ́. Sọ pé wàá ṣe é."

"Màá ṣe é."

Ó kú lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní nọ́ńbà ìyá ọmọ náà. Mo dúró fún ọdún mẹ́fà. Gbémisọ́lá ò dé.

Ohun tó gbé mi dé orí ẹ̀rọ ayélujára ni pé àyè òfì ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Àwọn tó kù ní ìsọ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ. Mo ra fóònù olójú gíláàsì, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó bí mo ṣe kọ́ ìwé, mo sì rí agbo kan lórí Fesibúùkù tí wọ́n ń pè ní Agbo Ọlọ́wọ́ Òwú.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn ló wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn, wọ́n sì fọ́n ká gbogbo ayé. Àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ gígùn hun súwẹ́tà, àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ lẹ́nu hun àpò àti aṣọ ọmọ, àwọn kan ń pa òwú láró. Wọ́n á ya àwòrán iṣẹ́ wọn, wọ́n á gbé e síbẹ̀, àwọn tó kù á yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Festus, ọmọ Ilero tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Kánádà, tó máa ń hun fìlà òtútù nínú ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Ayọ̀bámi tó wà ní Ìbàdàn. Òun ni ádímìn, òun ló ń darí agbo.

Ẹnì kan sì wà tó ń pe ara rẹ̀ ní Ìgbà Òtútù. Kò fi ojú hàn, bọ́ọ̀lù òwú pupa ló fi ṣe àwòrán rẹ̀. Òun ló ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi jù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìsẹ́yìn. Báwo lẹ ṣe ń ṣe òwú tí kì í já?"

"Bàbá Ìsẹ́yìn, ṣé lóòótọ́ ni pé a máa ń gbọ́ ìró òfì láti ojú títì?"

Mo máa ń dá a lóhùn ju gbogbo wọn lọ. Lọ́jọ́ kan, ó béèrè pé: "Ṣé gbogbo àwọn ahunṣọ ìlú yín ni ẹ mọ̀?"

Mo kọ ọ́ pé: "Kò sí ẹni tí mi ò mọ̀."

Kò sọ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé dátà rẹ̀ ló tán.

Lọ́dún tó kọjá, Ayọ̀bámi kéde Ọ̀sẹ̀ Ọnà Tèmi. Àwòrán nìkan ò ní tó. Kí olúkúlùkù kọ ọnà tirẹ̀ sílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹni tó wà níbòmíràn lè kà á kó sì hun ún.

Festus, tí kì í lè ṣe kó má ṣàwàdà, kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Bàbá Ìsẹ́yìn á jókòó wò wá lọ́sẹ̀ yìí ni o. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, àwòrán ni iṣẹ́ wọn. Bàbá, ṣé ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀?"

Wọ́n fi àwòrán ẹ̀rín bíi ogójì sábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó dorí pépà kodò ni mo tún dà lójú ara mi. Mo dá a lóhùn pé: "Festus, ọmọ Ilero, gbé abẹ́rẹ́ rẹ dání. Mò ń bọ̀."

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ olójú-ewé ọgọ́ta. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ọ́. Mo ní ọnà tèmi o, ẹ má ṣe rò pé mi ò ní. Ṣùgbọ́n ìlà lásán ni wọ́n, pupa, dúdú, funfun, irú èyí tí gbogbo ayé ń hun. Ẹsẹ̀ Àparò nìkan ló yẹ kí èèyàn fi jáde níwájú ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mo ka òwú kọ̀ọ̀kan, mo kọ èyí tí à ń gbé sókè àti èyí tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ya ẹsẹ̀ náà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ keje, mo fi ìka tó kù sí i. Mo sọ fún ara mi pé mò ń tún un ṣe.

Lójú ewé àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ gàdàgbà: ẸSẸ̀ ÀPARÒ. TI ỌLÁOYÈ NI.

Lóòótọ́ ni mo kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí èyí náà wà lákọsílẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ gbé e sórí agbo, àyè kan wà tí wọ́n ní ká kún. *Ta ló ni ọnà yìí?*

Mo tẹ Ọ. Mo tẹ L. Mo tẹ A.

Ọwọ́ mi dúró. Mo rò ó pé Ọláoyè ti kú. Mo rò ó pé ọmọ rẹ̀ ò wá. Mo rò ó pé èmi ni mo fi ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ kọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, àti pé tí mo bá kọ orúkọ Ọláoyè síbẹ̀, Festus á ní, "Ti ẹlòmíràn lẹ gbé wá, Bàbá?" Ọ̀sẹ̀ Ọnà Tèmi ni. Tèmi.

Mo pa lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Mo tẹ Mùílì Àríyọ̀.

Kò ju bí ìgbà tí èèyàn sín lọ. Bí wọ́n ṣe ń jalè nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò sí ariwo níbẹ̀ rárá.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹgbẹ̀rún kan èèyàn ti fi láìkì sí i. Festus kọ̀wé pé: "Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ti borí mi." Ayọ̀bámi ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Inú mi dùn débi pé ìyàwó mi, Abọ́sẹ̀dé, gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, ó dúró, ó ń wò mí.

"Bàbá Morẹ́nikẹ́, kí ló dé tí ẹ ń rẹ́rìn-ín sí fóònù bí ẹni tó rí ìyàwó tuntun?"

"Iṣẹ́ mi ni wọ́n ń yìn."

"Iṣẹ́ wo?"

"Ẹsẹ̀ Àparò."

Ó gbé ọbẹ̀ rẹ̀. "Ti Ọláoyè kọ́ nìyẹn?" Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Abọ́sẹ̀dé ò mọ̀wé. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ka ẹjọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ náà wá ń gbèrú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun Ẹsẹ̀ Àparò káàkiri. Festus hun ún sára fìlà. Ayọ̀bámi hun ún sára aṣọ ìbora ọmọ jòjòló. Ẹsẹ̀ méje, ìka gbogbo pé, lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí: *Ọnà Bàbá Àríyọ̀.*

Lẹ́yìn náà, Ayọ̀bámi ní, "Bàbá, ẹ sọ fún wa bí ọnà yìí ṣe wá sí yín lọ́kàn."

Mo lè dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Mo kọ ọ́ pé mò ń lọ sóko lójú ọ̀nà Ìwéré-Ilé nígbà ọyẹ́, mo sì rí ipasẹ̀ àparò nínú eruku. Mo gbé ẹsẹ̀ ara mi lé ojú ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ mi rìn.

Ọjọ́ kejì ni Ìgbà Òtútù kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀. Ìlà kan péré.

"Bàbá, ìka tó yẹ kó kù nínú ẹsẹ̀ keje ńkọ́?"

Ta lẹni yìí? Kò sí aṣọ Ọláoyè kankan lórí agbo yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ìka yẹn, ó ní láti jẹ́ pé ó ti fọwọ́ kan aṣọ tí Ọláoyè hun.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kọ ọ́ pé: "Ọmọ mi, tó o bá rí èyí tí ìka rẹ̀ kò pé, ẹni tí kò mọṣẹ́ ló hun ún."

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọláoyè, tó mọṣẹ́ jù mí lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tí kò mọṣẹ́. Tí ẹ bá ń wá ibi tí mo ti dẹ́ṣẹ̀ jù, orúkọ tí mo tẹ̀ kọ́. Ibí yìí ni.

Odidi ọjọ́ méjì, Ìgbà Òtútù ò fèsì.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo wà lórí òfì ní ìsọ̀, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́. Mo gbé e. Àwòrán ọ̀já kan ni, ọ̀já ìpọnmọ tó ti gbó, ẹsẹ̀ àparò ló wà lára rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Mo mọ ọ̀já yẹn. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọláoyè nígbà tó ń hun ún fún ìkómọ ọmọ rẹ̀. Nínú àwòrán, wọ́n fi ìka èèyàn kan tọ́ka sí ẹsẹ̀ keje.

Lábẹ́ rẹ̀ ni Ìgbà Òtútù kọ ọ́ sí pé: "Gbémisọ́lá ni mí. Ọláoyè ti Ìsẹ́yìn ni bàbá mi. Ọ̀já yìí nìkan ni mo ní tó jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan tí wọ́n ti sin ín ni mo gbọ́ pé ó kú. Mo wọ agbo yìí láti wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bàbá Àríyọ̀ ní kò sí ahunṣọ tí àwọn ò mọ̀. Mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń sọ òótọ́ ni wọ́n, kí n tó bi wọ́n nípa bàbá mi. Mo ti mọ̀ báyìí."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí òfì.

Èébú rọ̀ bí òjò. "Olè àgbàlagbà!" "Ẹ yọ ọ́ kúrò!" Festus nìkan ni kò bú mi. Ohun tó kọ ni pé: "Bàbá, ẹ dá ọmọ yìí lóhùn. Mò ń dúró." Ìyẹn dùn mí ju gbogbo èébú lọ.

Ayọ̀bámi pè mí lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ gbà yín sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ò mọ̀wé. Pé ẹ ní kí ọmọ kan bá yín kọ ọ́, òun ló ṣi orúkọ kọ. Wọ́n á gbà á. Arúgbó ni yín. Kíá ni wọ́n á gbàgbé."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀mí mi fà sí i. Ọ̀nà gbọ̀ọ̀rọ̀ ló ṣí sílẹ̀ níwájú mi yẹn. Ta ni ò ní gbà á gbọ́? Arúgbó abẹ́ òfì, kí ló mọ̀ nípa ìwé?

Ṣùgbọ́n mo rántí ọdún méjì tí mo fi ń ka ara àpò sìmẹ́ńtì. Mo rántí ẹ̀rín ìsọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àti ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín.

"Ayọ̀bámi," mo ní, "mo mọ̀wé. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, ọwọ́ mi náà ni mo fi pa orúkọ rẹ́. Olè ni kí wọ́n máa pè mí. Wọn ò gbọdọ̀ pè mí ní púrúǹtù."

"Bàbá, wọ́n á já yín jẹ o."

"Eyín wọn á dùn wọ́n."

Mi ò tíì kọ nǹkan kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí níwájú Bàbá Ọláyanjú, àgbà tó ń ṣolórí ìsọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ agbo ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ Ọláoyè ni wọ́n fẹ́ sọ, mo ti múra láti dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló ń bí wọn nínú.

"Mùílì, o kó ọnà ìsọ̀ wa dà sí ojútáyé. Àwọn tí kò mọ ìdí òfì ń fi abẹ́rẹ́ hun ún. Pa á rẹ́ lónìí."

"Bàbá, mo jẹ̀bi Ọláoyè àti ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ tún ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò ní pa ọnà náà rẹ́."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní mi ò pa á rẹ́. Ọnà tí ẹ̀gbọ́n yín ń hun, tí wọ́n máa ń ti Ìlọrin wá rà, ta ló lè hun ún nínú ìsọ̀ yìí lónìí?"

Wọ́n wo àwọn òfì tó tò yí wa ká.

"Ẹ dárúkọ ẹnì kan. A fi ọnà náà pamọ́, ó sì bá wọn wọ inú ilẹ̀. Ká ní mo kú lánàá, Ẹsẹ̀ Àparò ì bá bá mi lọ. Báyìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn ni ikú gbọ́dọ̀ pa kí ó tó parẹ́."

"Mùílì, orí rẹ ti le jù láti kékeré."

"Ẹ̀yin náà ni ẹ kọ́ mi, Bàbá."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára sọ ọ́ di ikọ́. Bàbá Ọláyanjú nà ọ̀pá wọn sí òfì mi. "Gbé e kúrò níbí."

Mo gbé e. Èmi àti Abọ́sẹ̀dé la tú u, tí a sì tò ó padà sábẹ́ igi kaṣú tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo jókòó sí ìsọ̀ yẹn. Mi ò wẹ̀yìn.

Ibẹ̀, lábẹ́ kaṣú, ni mo ti kọ ọ́ sórí agbo:

"Èmi Mùílì Àríyọ̀, mo mọ̀wé. Ọláoyè ló ni Ẹsẹ̀ Àparò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo fi orúkọ mi sí i. Òun ló tọ ipa ẹyẹ náà, èmi kọ́. Ìka tí kò sí nínú ẹsẹ̀ keje, òun ló mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀, nítorí òkúta. Mo pe ẹni tó mọṣẹ́ jù mí lọ ní ẹni tí kò mọṣẹ́. Gbémisọ́lá, bàbá rẹ ní kí n kọ́ ọ. Àyè wà lórí òfì. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó máa bú mi lọ. Mi ò ní kúrò nínú agbo."

Mo pa orúkọ mi rẹ́ nínú àyè yẹn. Mo tẹ Ọláoyè.

Wọ́n bú mi. Èèyàn bíi igba ní kí Ayọ̀bámi lé mi jáde. Kò lé mi. Gbémisọ́lá ò sọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, ọ̀kadà já obìnrin kan sílẹ̀ níwájú ilé wa. Súwẹ́tà pupa ló wọ̀ nínú oòrùn Ìsẹ́yìn. Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀. Iwájú orí Ọláoyè ló gbé wá.

"Ẹ káàsán, sà." Ìdúró ló ti kí mi. Abọ́sẹ̀dé fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ṣẹ́jú sí i.

"Ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí dà?"

Mo gbé e fún un. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́.

"Ti Ọláoyè ni," ó kà á sókè. "Ẹ mọ̀, kí ẹ tó tẹ orúkọ yín."

"Mo mọ̀."

"Mo ti ń bẹ Ọlọ́run ní gbogbo ojú ọ̀nà pé kó jẹ́ pé ẹ gbàgbé ni."

"Mi ò gbàgbé."

Ó wo òfì. Aṣọ tí mo hun Ẹsẹ̀ Àparò sí ṣì wà lórí rẹ̀, ó ti gùn tó apá mẹ́rin, ẹsẹ̀ keje pé ìka.

"Ẹ tú u."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀." Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Ẹ jẹ́ kí agbo rí i."

Mo jókòó, mo ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ahunṣọ mélòó ló ti tú iṣẹ́ ara rẹ̀ níṣojú ayé rí? Láti ìgbà tí wọ́n kírun ọ̀sán títí dé àsìkò àṣálẹ́ ni mo fi ń fa òwú yẹn. Nígbà tó yá, Festus kọ ọ́ síbẹ̀ láti Kánádà pé: "Bàbá, èmi náà ti ń tú fìlà tèmi. Orí ìyá arúgbó kan ni mo ti ṣí i. Wọ́n ń bú mi lédè òyìnbó."

Gbémisọ́lá rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òwú tán, ó gbé fóònù sílẹ̀. "Ẹ dìde."

Mo dìde. Ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó wọnú òfì. Oṣù méjì ló fi wà lọ́dọ̀ wa. Mo kọ́ ọ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ mi, mò ń ka òwú, ó ń hun ún. Kò pè mí ní bàbá. Kò sọ fún mi pé òun ti dárí jì mí, èmi náà ò sì béèrè.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ hun Ẹsẹ̀ Àparò láìjẹ́ pé mo dá sí i, ó hun ìkínní, ìkejì, títí dé ìkẹfà. Nígbà tó dé ìkeje, mo la ẹnu.

"Mo mọ̀," ó ní. Ó fi ìka náà sílẹ̀.

Òfì mi ṣì wà lábẹ́ igi kaṣú. Bàbá Ọláyanjú ò tíì dá mi padà sí ìsọ̀, mi ò sì bẹ̀ wọ́n. Àwọn kan nínú agbo ṣì ń pè mí ní olè. Wọn ò purọ́. Mo ṣì wà níbẹ̀, mo sì ń fèsì àwọn tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi.

Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ni mo jí, mo ti dá a padà. Ọnà tí mo kọ sílẹ̀, mi ò ní pa á rẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ hun ún, kó hun ún. Kó sọ pé Ọláoyè ló dá a. Tó bá dé ẹsẹ̀ keje, kó fi ìka kan sílẹ̀.